Búrẹ́dì fún Ẹni Tí Kò Fẹ́ Ká Mọ Orúkọ Òun

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú àárọ̀, mo kí ọ kú ọ̀sán, mo sì kí ọ kú alẹ́, nítorí mi ò mọ ìgbà tí ìwé yìí máa tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, èyí tó bá bá ìgbà mu nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí o mú. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé àwọn èèyàn ṣì ń ra ẹ̀rọ tó ń fa omi lọ́dọ̀ yín? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí omi gbẹ nínú kànga àwọn tó ń rà á, kò sì ní jẹ́ kí owó gbẹ lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń tà á. Èmi náà wà, ara mi le koko, orúnkún òsì nìkan ló ń ráhùn, mo sì ti bi í pé ọjọ́ kan náà la bí òun àti ọ̀tún, kí ló dé tí ọ̀tún ò sọ nǹkan kan.

Gbogbo ilé ló kí ọ. Télọ̀ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà ní kí n sọ fún ọ pé aṣọ tí o gbé fún òun lọ́dún tó kọjá ti ń parí lọ, mo sì ní màá sọ, mo ti sọ báyìí, ọrùn mi ti mọ́. Ewúrẹ́ káfíńtà já wọ yàrá tí mò ń kó ìyẹ̀fun sí, ó yí ara rẹ̀ nínú rẹ̀ dáadáa, nígbà tó fi máa jáde ó ti funfun báláú, káfíńtà fúnra rẹ̀ kò dá a mọ̀ mọ́, ó ń bi wá pé ewúrẹ́ ta ni èyí. Mo ní tí kò bá ti jẹ́ tirẹ̀, màá kúkú gbà á dípò ìyẹ̀fun mi. Ìgbà yẹn ló wá rántí pé tòun ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo torí ẹ̀ gbé bírò. Tí o bá wà lórí ìdúró, jọ̀ọ́, wá àga. Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí o ti jáde kọ̀wé sí mi! Èmi bàbá rẹ! Kò kọ ọ́ sí olórí àdúgbò, kò kọ ọ́ sí olùkọ́ ẹ̀yìnkùlé wa tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó gbé ìwé mì, èmi oníbúrẹ́dì ló kọ ọ́ sí. Ohun tó sì fi bẹ̀rẹ̀ ni “Ọ̀rẹ́ wa ọ̀wọ́n.” Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà, mo lọ kà á fún télọ̀, télọ̀ ní kí n tún kà á. Ó fọwọ́ sí i nísàlẹ̀ pẹ̀lú yíǹkì búlúù. Káfíńtà náà gba irú ẹ̀, torí àbúrò rẹ̀ jáde níbẹ̀, a gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò yẹ̀ ní lẹ́tà kan, títí dórí bí ó ṣe fa ìrù ọwọ́ tó fi sí i. Mo wá rí i pé ọkùnrin yìí kì í ṣojúsàájú, bó ṣe fẹ́ràn mi náà ló fẹ́ràn káfíńtà.

Mo fèsì lọ́jọ́ náà gan-an. Mo bi í léèrè ìyàwó àti ọmọ, mo bi í bí ìhà ọ̀hún ṣe rí, mo sọ ọ̀rọ̀ orúnkún mi fún un, nítorí ọ̀rẹ́ kì í fi nǹkan pamọ́ fún ọ̀rẹ́. Kò fèsì. Mo dúró, mo dúró, kò sí nǹkan kan. Ara mi ò wá balẹ̀ mọ́, mo ní bóyá ara rẹ̀ ni kò yá, mo sì mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ lọ wò ó.

Ìwé pẹlẹbẹ kan wà nínú lẹ́tà náà, tí wọ́n kọ sí iwájú rẹ̀ pé “Àwọn Ọ̀nà Tí Ẹ Lè Gbà Ta Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa Lọ́rẹ.” Èmi rò pé ọ̀nà kan ló wà téèyàn ń gbà fúnni ní nǹkan: o ní in, o nawọ́, ẹni tí o nawọ́ sí gbà á, ó parí. Irọ́ ni o! Ọ̀nà pọ̀ lọ rẹpẹtẹ. Lẹ́yìn ìwé náà, wọ́n ya nǹkan onígun mẹ́rin kan dúdú àti funfun, ó rí wúruwùru bí ẹni pé adìẹ tẹ yíǹkì kó tó gorí rẹ̀, wọ́n ní ká gbé fóònù sí i, a ó rí ọ̀nà. Mo gbé fóònù mi lé e lórí, mo fi í síbẹ̀ títí búrẹ́dì àárọ̀ fi jinná, mi ò rí ọ̀nà kankan. Télọ̀ ló yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó ní iṣẹ́ òun rèé, iṣẹ́ ọnà orí aṣọ ni, pé àwọn ọ̀mọ̀wé ló ń wọ irú ẹ̀ báyìí. Ó gba fìlà funfun mi, ó sì fi òwú dúdú rán an síwájú rẹ̀, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Ó mú mi dára gan-an.

Ṣùgbọ́n ohun tó lé mi kúrò nílé gan-an wà ní ojú ewé tó kẹ́yìn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé téèyàn bá fẹ́, ó lè ṣe ìtọrẹ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ orúkọ òun. Nígbà tí mo débẹ̀, mo gbé ìwé náà sílẹ̀. Télọ̀ ní kí ló ṣẹlẹ̀, mo ní kó jẹ́ kí n ronú ná.

Ṣé o rántí ọdún kejì rẹ níbẹ̀, tí òjò wó ààrò wa, tí iṣẹ́ dúró, tí o ti di ẹrù rẹ pé ò ń bọ̀ wálé? Ẹnì kan san owó ilé-ìwé rẹ títí dé òpin. Wọ́n ní ẹni náà kò fẹ́ ká mọ orúkọ òun. Láti ìgbà yẹn, kò sí òwúrọ̀ kan tí ìyá rẹ máa po ìyẹ̀fun tí kò ní gbàdúrà fún ẹni yẹn. A máa ń jiyàn lórí bó ṣe máa rí. Èmi ní ó ga, ó sì ní irun imú. Ìyá rẹ ní rárá o, ó sanra, ó ní ọkọ̀ ńlá, bàtà rẹ̀ ń dán tó bẹ́ẹ̀ tó fi lè wojú nínú rẹ̀. Torí náà, àdúrà ọkọ̀ ló máa ń gbà fún un jù, pé kí táyà rẹ̀ má jò lójú ọ̀nà, kí bíréèkì rẹ̀ má já. Nígbà tó wà lórí ibùsùn tí kò ti dìde mọ́, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni, ó ní kí n má jẹ́ kí òun lọ ní olè. Ó ní kí n bá òun wá ẹni yẹn, kí n bá òun dúpẹ́. Mo ní màá ṣe é, mi ò sì mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú mi láti ìgbà tí a ti sin ín, mi ò kàn fẹ́ fi da ọkàn rẹ láàmú ni.

Bí mo ṣe di apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì méjì nìyẹn, gbígbóná fẹlifẹli, mo dé fìlà mi, mo wọkọ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì bi mí pé ta ni mò ń wá, mo ní ọ̀rẹ́ mi, ọ̀gá àgbà. Ó ní ṣé ó mọ̀ pé mò ń bọ̀, mo yọ lẹ́tà náà síta, mo fi ọ̀rẹ́ wa ọ̀wọ́n hàn án. Ó wo lẹ́tà, ó wo apẹ̀rẹ̀, òórùn búrẹ́dì ti gbá a nímú, ó ní kí n máa bọ̀. Ó mú mi gba ọ̀nà tí wọ́n fi òdòdó há lọ́tùn-ún lósì, a gun àtẹ̀gùn, a dé ọ́fíìsì kan tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìtọrẹ sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Obìnrin kan ló wà níbẹ̀, ó fi okùn so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn, Onígíláàsì ni mo sọ ọ́ ní tèmi. Ó kúnlẹ̀ kí mi, o rí i pé wọ́n kọ́ ọ nílé. Ó ní ọ̀gá rìnrìn-àjò, ara rẹ̀ sì le, inú mi dùn láti gbọ́ ọ. Ó gba búrẹ́dì náà, ó ní ọrẹ kì í ṣe owó nìkan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa jẹ ẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé apẹ̀rẹ̀ padà wá, èérún pàápàá kò sí nínú rẹ̀.

Ibi tí èyí ti kàn ọ́ rèé. Nínú ọ̀nà wọn, wọ́n ní bí ẹnì kan bá ta wọ́n lọ́rẹ, iléeṣẹ́ tí òun tàbí ọmọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lè mú irú nǹkan kan náà, ìwọ̀n kan náà, wá kún un. Ó yé mi kíá. Torí náà, lọ sọ fún ọ̀gá rẹ pé bàbá rẹ ti gbé apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì méjì lọ, tirẹ̀ ló kù. Kó má lọ ra oníkànìnkànìn tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá o, ojú mi ni yóò tì. Tí kò bá mọ ibi tó ti lè rí gidi, kó wá bá mi, màá ṣe é fún un ní ẹ̀dínwó nítorí rẹ.

Onígíláàsì ní mo tún lè máa fúnni lóṣooṣù, pé díẹ̀díẹ̀ ni owó á máa kúrò ní báńkì. Mo ní ṣé ọ̀gá báńkì ló máa gbé e wá ni, ó ní rárá, fúnra rẹ̀ ló máa wá. Mo bi í pé owó tó lè dá rìn láti báńkì dé ibí, kí ló ń dì í mọ́lẹ̀ tí kì í wá bá mi nílé. Ó ní ọ̀nà kan tún wà, kéèyàn kọ ọ́ sínú ìwé ogún rẹ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ ni kó ni nǹkan kan lẹ́yìn òun. Mo ní ṣé ẹ ń kánjú ni? Ó ní ká má rí i bàbá, ẹ máa pẹ́ láyé. Mo ní tí mo bá wá pẹ́ láyé, ẹ̀yin náà lẹ máa dúró pẹ́ o. Mo ti fún wọn ní ààrò ṣá o, má bínú, o sọ fúnra rẹ pé o kò ní ṣe búrẹ́dì. Ó bi mí bí wọ́n ṣe máa gbé ààrò alámọ̀ tó ti lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, mo ní èmi á ti kú nígbà náà, ṣé èmi náà ni màá tún máa ronú ẹ̀.

Ó wá ní èèyàn lè ṣe ìtọrẹ ní ìrántí ẹni tó ti kú, wọ́n á ṣe bẹ́ǹṣì sábẹ́ igi, wọ́n á kọ orúkọ olóògbé sí i. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìyá rẹ! Obìnrin tí mi ò rí kó jókòó rí láti ọjọ́ tí mo ti gbé e níyàwó, orí ìdúró ló ti ń jẹun, wọ́n fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì! Mo ní ó máa wá bá wọn níbẹ̀, á ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìde lọ ṣiṣẹ́. Onígíláàsì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú mi, ó sì na aṣọ ìnujú sí mi, mi ò mọ̀ pé ẹkún ni mò ń sun.

Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ní kó wò ó fún mi, ta ló san owó ọmọ mi. Ó ní òun mọ̀ pé ó dùn mí, ṣùgbọ́n ìlérí ni ìlérí, wọn kì í sọ ọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, mo fi ìyá rẹ bẹ̀ ẹ́, ó kàn ń fi aṣọ nu gíláàsì ojú rẹ̀. Inú bí mi díẹ̀, n kò ní purọ́. Àfi bí ọgbọ́n kan ṣe sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní ó dáa, èmi náà fẹ́ ṣe ti oní-má-sọ-orúkọ-mi. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan wá, mo ki káàdì tí o fún mi bọ̀ ọ́, ó ní kí n tẹ nọ́ńbà àṣírí mi. Mo ní èmi ò ní àṣírí, mo pè é sókè ketekete kó lè gbọ́ ọ dáadáa, àwọn tó wà lórí ìjókòó lẹ́yìn mi náà gbọ́, ọdún tí a bí ọ ni, kò nira láti rántí. Ẹ̀ṣọ́ náà fi ọwọ́ di etí. Kó tó di pé mo dìde, Onígíláàsì ní òun fẹ́ yẹ fìlà mi wò, ó gbé fóònù rẹ̀ sí i, fóònù náà dún, ojú ìwé ìtọrẹ wọn ló já sí! Ó ní òun ò rí irú ẹ̀ rí. Wọ́n pe ara wọn jọ, kálukú ń gbé fóònù sí mi lórí. Sọ fún télọ̀ nígbà tí o bá wá pé o ti gbọ́, torí kò sinmi ẹnu mọ́.

Mo délé, mo sọ fún télọ̀, mo sọ fún káfíńtà, mo sì ti sọ fún gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kí n tó sọ̀ kalẹ̀, pé mo ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ láìjẹ́ kí wọ́n mọ orúkọ mi, kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, fóònù mi dún. Ilé-ẹ̀kọ́ ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Wọ́n ní àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ kò fẹ́ ká mọ orúkọ yín. Mo fò sókè, orúnkún òsì fò pẹ̀lú mi! Ṣé o rí i? Ẹni tí orúkọ rẹ̀ pamọ́, wọ́n mọ nọ́ńbà rẹ̀! Wọ́n mọ ibi tó wà! Tí wọ́n bá lè dúpẹ́ lọ́wọ́ tèmi, wọ́n lè dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni yẹn náà. Kí n mọ̀ ọ́n kọ́ ni ìyá rẹ rán mi, kí n dúpẹ́ ni.

Mo ṣe búrẹ́dì kan ṣoṣo lọ́tọ̀. Mo fi wàrà sí i, mo fi ẹyin pa á lójú, mo jókòó tì í títí ó fi pọ́n bó ṣe yẹ. Mo fi aṣọ ìyá rẹ dì í, aṣọ funfun tó fi máa ń bo ìyẹ̀fun kó lè wú, èyí tó ya létí kan tó máa ń sọ pé lọ́la lòun máa rán an. Mo wọkọ̀, mo gbé e sórí tábìlì Onígíláàsì, mo ní èyí kì í ṣe fún ilé-ẹ̀kọ́, ẹni yẹn ni kó fún, kó sọ fún un pé ìyá ọmọ náà ní kó ṣeun. Ó kàn gbé e wọ inú báàgì rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì sìn mí dé géètì.

Àná ni dẹ́rẹ́bà tó máa ń bá mi gbé búrẹ́dì kọjá níbẹ̀ gbé ọ̀rá kan wá fún mi. Aṣọ ìyá rẹ ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n ká a pelebe. Kò sí ìwé, kò sí ọ̀rọ̀ kankan. Mo tú u, mo rí i pé wọ́n ti rán ibi tó ya. Òwú pupa lórí aṣọ funfun, ìrán náà wọ́, ó lọ sókè, ó lọ sísàlẹ̀, ojú kan fẹ̀, ojú kan há. Mo gbé e lọ fún télọ̀. Kò ṣàwàdà. Ó gbé e sójú oòrùn, ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní kì í ṣe ẹ̀rọ, kì í ṣe ọwọ́ télọ̀, ọwọ́ àgbàlagbà tó ń gbọ̀n ni, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́, torí kò jọ pé ó mọ̀ pé òwú náà kò bá aṣọ mu.

Àkọ́bí mi, mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìyá rẹ fi gbàdúrà fún táyà ọkọ̀ ẹni tó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Ẹni tí a rò pé owó rẹ̀ kún ilé, òun ló jókòó rán aṣọ àjèjì. Ta ló mọ ohun tí kò rà kí o tó lè jókòó síwájú olùkọ́? Ayọ̀ bò mí, ojú sì tì mí, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù. Télọ̀ ní kí n fi aṣọ náà sílẹ̀, kí òun fi ẹ̀rọ tún un rán kó lè gún. Mo ní bó bá fọwọ́ kàn án, a ò ní jọ sọ̀rọ̀ mọ́ láyé.

Wàyí o, owó. Fi owó ìyẹ̀fun ránṣẹ́, nítorí ti ewúrẹ́ yẹn, mo sì fẹ́ kí o fi díẹ̀ kún un lóṣooṣù fún owó tó ń dá rìn yẹn, ìwọ náà fi orúkọ rẹ pamọ́, màá bá ọ sọ fún àwọn èèyàn. Fi owó ọkọ̀ kún un pẹ̀lú, torí gbogbo ìparí oṣù ni màá máa gbé búrẹ́dì ẹni yẹn lọ. Má gbàgbé láti rán ọ̀gá rẹ létí apẹ̀rẹ̀ méjì.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ìjáde rẹ, á máa ṣọ́ ìwọlé rẹ. Ibi tí o kò ti ní ẹnikẹ́ni, wàá rí ẹni tó máa dìde fún ọ, ìwọ náà á sì rí ẹni tí wàá dìde fún. Ní ti ẹni yẹn, mo ti yí àdúrà ìyá rẹ padà láàárọ̀ yìí, mo ti kúrò lórí táyà, mo ti dé orí ojú àti ọwọ́. Aṣọ náà ló wà lórí ìyẹ̀fun bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, òwú pupa yẹn ti ń gbéra sókè díẹ̀díẹ̀, ó ti ń wú.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Oníbúrẹ́dì, ọ̀rẹ́ ọ̀gá àgbà.